Ọkọ̀ Ogun Àtijọ́: Àtúnṣe àti Ìtọ́jú

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó gbòòrò ju bí a ti máa ń rò lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ọkọ̀. Èyí tí a gbẹ́ láti ara igi, tí apẹja ń tù lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì tí ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Èkó, ọkọ̀ ni. Èyí tí ń fò lójú sánmà pàápàá, ọkọ̀ ni. Nítorí náà, bí Yorùbá bá sọ pé "ọkọ̀ ogun", ó di dandan kí olùgbọ́ béèrè pé: èwo nínú wọn? Ṣé ti omi ni, tàbí ti ilẹ̀? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré èdè lásán. Ìtàn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ irú ọkọ̀ ogun méjèèjì, ó sì yẹ kí a wo ohun tí ó ń dé bá wọn nígbà tí ìbọn bá ti dákẹ́.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, àwọn ènìyàn kan wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ìgbafẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá ọkọ̀ ogun àtijọ́ kiri. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan tí koríko ti bò, wọn a rà á, wọn a tú u palẹ̀, wọn a ha ìpáàrà ara rẹ̀ kúrò, wọn a wá àwọn pààtì tí ó ti sọnù, títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò fi tún dún. Bí ẹlòmíràn ti ń fi ọjọ́ Sátidé ta ayò, tàbí tí ó ń fi í wo eré bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń fi tiwọn wà lábẹ́ lọ́rì ológun. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè sọ pé owó ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ẹlẹ́rìí ni ọkọ̀ ogun àtijọ́ jẹ́. Ó rí ohun tí ẹnu kò lè sọ tán. Iṣẹ́ ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni láti rí i pé ẹ̀rí náà kò bàjẹ́, yálà láti ọwọ́ ìpáàrà, láti ọwọ́ oníná tí ń yọ́ irin, tàbí láti ọwọ́ òun alára.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí àga. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀, tí Oṣòdì Tápà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, gba ojú ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní 1853, wọ́n fi ọkọ̀ ogun gbógun padà wá sí Èkó, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìlú náà gbà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní du Èkó mọ́; àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbà pé òun ni ó ni àṣẹ lórí èbúté Pálmà àti Lẹ́kkí. Ní 1862 ni ó tó padà sí Èkó.

Kí ni ó mú kí ìjọba tí ó ní ọkọ̀ eléèéfín àti ìbọn ńlá jókòó bá ọba tí wọ́n ti lé nílùú ṣe àdéhùn? Òwò wà nínú rẹ̀, nítorí pé epo pupa ń gba èbúté wọ̀nyẹn kọjá. Ṣùgbọ́n agbára lórí ọ̀sà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ọkọ̀ ogun ni ó sì fún Kòsọ́kọ́ ní agbára náà. Igi ńlá kan ṣoṣo ni a ń gbẹ́ láti fi ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn atukọ̀ a tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn jagunjagun a wà láàrin wọn, a ó sì de ìbọn mọ́ imú ọkọ̀. Nítorí pé ìdí rẹ̀ kò wọ inú omi púpọ̀, ó lè gba ibi tí omi kò ti jìn, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó yóò ti gúnlẹ̀ sórí yanrìn. Nínú ìjà 1851 náà gan-an, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Teazer gúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ogun.

Ogun kò kúrò lójú ọ̀sà kíákíá. Ní 1861, Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1863, ìbọn ńlá wọn dún sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ó di 1865, ọ̀rọ̀ náà kan Ìkòròdú. Àwọn ọmọ-ogun Ẹ̀gbá ti dó ti ìlú náà. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Glover, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gọ́lọ́bà, kó àwọn ọmọ-ogun kọjá ọ̀sà, wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tú ibùdó Ẹ̀gbá ká, ìdótì náà sì parí.

Níbo wá ni àwọn ọkọ̀ ogun Kòsọ́kọ́ wà? Igi ni wọ́n. Igi tí oòrùn ń pa lónìí, tí omi ń bọ̀ lọ́la, tí kòkòrò sì ń jẹ lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kí ó tó padà di erùpẹ̀. Nígbà tí wọ́n wúlò, ẹnikẹ́ni kò rò ó pé ọmọ-ọmọ òun yóò fẹ́ rí wọn. Lẹ́yìn Iléyá lọ́dọọdún, àwọn ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ a máa ṣe ọdún Káyókáyó láti fi rántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí ìlú náà. Ọdún náà ń fi ayọ̀ ìgúnlẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ọdún kò lè sọ bí ọkọ̀ tí ó gbé wọn gúnlẹ̀ ṣe gùn tó, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó, tàbí bí a ṣe de ìbọn mọ́ ọn tí kò fi dojú ọkọ̀ dé nígbà tí a bá yìn ín. Ohun tí ó máa ń sọnù nígbà tí ọkọ̀ bá sọnù nìyẹn: ọgbọ́n ọwọ́.

Láti orí omi, ogun bọ́ sórí ilẹ̀, ó sì di ti ẹ́ńjìnnì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, a kó àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn ọmọ Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia sínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ńlá méjì, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, wọ́n sì lọ jà ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí orúkọ rẹ̀ di Myanmar ní 1989. Ní ìparí 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1944, àwọn ti ìkọkànlélọ́gọ́rin la ọ̀nà kan gba orí òkè àti inú igbó wọ àfonífojì odò Kaladan. Ọ̀nà náà gùn tó máìlì 75, jíìpù ni a sì là á fún. Ní ìkọjá ibẹ̀, orí ènìyàn ni ó di ọkọ̀: àwọn aláàárù a gbé ẹrù ogun lérí, wọn a sì máa tẹ̀ lé àwọn ajagun.

Jíìpù náà kò tóbi. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, agbára rẹ̀ kò sì ju ti ẹṣin 60 lọ. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì náà lè yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàrin 1941 àti 1945, ilé-iṣẹ́ Willys àti Ford ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí ó lé ní 640,000 nínú wọn.

Báwo ni Èkó ṣe rántí ogun Bọ́mà? Orúkọ ni ó fi rántí rẹ̀. Bárékè Dodan ní Ọbálendé, bárékè Arakan ní Àpápá, bárékè Myohaung ní Yábàá, àti Letmauk ní Ìbàdàn, orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ni gbogbo wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà sì dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ sí Èkó ní 2002, wọ́n fún un ní nọ́mbà 81 ti ìgbà náà. Orúkọ dára, kò sì dógùn-ún. Síbẹ̀, ọmọdé tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ bárékè kọjá lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé òkè kan ní ilẹ̀ òkèèrè ni a fi sọ ọ́, nítorí pé kò sí ohun kan tí ó lè fọwọ́ kàn.

Ohun tí a lè fọwọ́ kàn yìí ni ó fa iṣẹ́ ìgbafẹ́ tí à ń sọ. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọkọ̀ tí àwọn ológun kò nílò mọ́ pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ lè gbà lọ. Wọ́n ta àwọn kan fún àgbẹ̀, wọ́n ta àwọn mìíràn fún àwọn oníṣòwò, wọ́n sì yọ́ èyí tí ó kù. Ogún ọdún kọjá kí àwọn kan tó ṣàkíyèsí pé ohun tí ó kún ìgboro lánàá ti di àwátì. Ní 1968, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1976, àwọn ti Amẹ́ríkà náà dá tiwọn. Nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni a ti ń rí mẹkáníìkì, olùkọ́, àgbẹ̀ àti ológun tí ó ti fẹ̀yìntì. Wọn a máa ṣe pàṣípààrọ̀ pààtì àti ìwé àtijọ́ tí ó ṣàlàyé ọkọ̀. Ní àyájọ́ ogun, wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn a sì gbé àwọn ògbólógbòó ọmọ-ogun gun ọkọ̀ tí wọ́n wà nígbà èwe wọn. Bàbá arúgbó tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun nílé a gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn lọ́rì, ọ̀rọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ní ibi yìí ni ìyàtọ̀ kan ti wọlé, òun sì ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ̀tọ̀ ni àtúnṣe, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú. Àtúnṣe ń fẹ́ kí ohun ògbólógbòó padà dà bí tuntun. Ìtọ́jú ń fẹ́ kí ó wà bí ó ti wà, kí ó má sì bàjẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì lè jọ rìn, ṣùgbọ́n wọ́n lè bá ara wọn jà pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ wà ní Èkó. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní bárékè Dodan, bárékè kan náà tí a fi ogun Bọ́mà sọ. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró ní Ìkòyí. Àwọn dìtẹ̀dìtẹ̀ yìnbọn sí ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pa á, òun àti Lẹ́fútẹ́náǹtì Akíntúndé Akinṣẹ̀hìnwá tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ náà wá di ohun àfihàn ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ ní Oníkan.

Kì í ṣe ọkọ̀ ogun nítorí pé irin nípọn lára rẹ̀. Mọ́tò lásán ni. Ikú ológun ni ó sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí a bá gbé ọkọ̀ yìí fún panẹbítà tí ó mọṣẹ́ jù ní Ìkòròdú, kí ni yóò ṣe? Yóò dí ihò ọta, yóò na irin tí ó ti rún, yóò pààrọ̀ gíláàsì, yóò sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ṣe tán, ọkọ̀ kan bí ọkọ̀ ni yóò kù. Àwọn ihò wọ̀nyẹn ni ìwé. Ẹni tí ó bá dí wọn ti ya ìwé náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí egbò bá jinná, àpá rẹ̀ kò ní parẹ́. Nínú ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àpá ni ó ṣe iyebíye ju ara lọ.

Àwọn tí wọ́n gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí níbòmíràn mọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí ń jẹ́ Tiger 131, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ní Tunisia ní oṣù Kẹrin 1943, wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Bovington. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún púpọ̀, ó tún rìn lójú àwọn ènìyàn ní 2004. Síbẹ̀ wọn kò pa àpá ọta tí ó bà á lójú ogun rẹ́. Ẹ́ńjìnnì rí àtúnṣe. Àpá rí ìtọ́jú.

Nàìjíríà náà ní ilé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ni a ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ ń lo ọkọ̀ Saladin àti Ferret tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ti Biafra kò rí irú rẹ̀ rà, nítorí náà wọ́n fi irin bo ọkọ̀ tí wọ́n ní, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Red Devil". Àlejò tí ó bá dé Umuahia lè rí wọn, ó sì lè rí NNS Bonny, ọkọ̀ ojú omi ogun tí a gbé wá sórí ilẹ̀ tí ó jìnnà sí òkun. Ẹni tí ó bá wo bí wọ́n ṣe jó irin pọ̀ mọ́ irin lára Red Devil yóò mọ ìṣòro àwọn tí ó ṣe é ju bí ìwé ti lè sọ lọ. Bí a bá rẹ́ ojú ìjórin náà kí ó lè dán, a ti pa ẹnu ẹlẹ́rìí mọ́.

Ẹ̀wẹ̀, báwo ni a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà? Ká ní ọ̀gá mẹkáníìkì kan wà ní Ìkòròdú tí lọ́rì ológun àtijọ́ kan bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti mú búrọ́ọ̀ṣì dání.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀dà tuntun kùn ún, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé a ti bẹ̀rẹ̀."

"Rárá o, ọmọ mi. Lọ gbé ìwé àti bírò wá ná. Ọ̀dà tí ó wà lára rẹ̀ yìí, a kò tíì mọ ohun tí ó bò mọ́lẹ̀."

Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìwé ni ó ṣáájú sípánà. A ó ya àwòrán ọkọ̀ láti ìhà gbogbo; a ó kọ nọ́mbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnnì sílẹ̀; a ó béèrè ibi tí ó ti wá àti ẹni tí ó wà á. Bí a bá fara balẹ̀ ha ọ̀dà ní ìpele ìpele, àwọ̀ àkọ́kọ́ lè yọ, àmì ẹgbẹ́ ọmọ-ogun sì lè hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi iná tàbí yanrìn gbo gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan kò ní rí i láéláé.

Lẹ́yìn ìwé, ààbò ni ó kàn. Bí ọta tàbí ohun tí ó jọ bọ́ǹbù bá wà nínú ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí a sún kúrò níbẹ̀, kí a sì ké sí ọlọ́pàá tàbí ológun. Asbestos máa ń wà nínú bíréèkì àtijọ́. Eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nítorí náà a kì í fẹ́ ẹ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ bí a ti ń fẹ́ eruku lásán. Àwọn aago ojú dásíbọ́ọ̀dù kan láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ní ọ̀dà tí ń tàn lókùnkùn, èyí tí radium wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí a ha wọ́n rárá.

Ìpáàrà ni ọ̀tá kẹta. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ tí ń fẹ́ láti òkun a máa jẹ irin kíákíá ju ti òkè ọkà lọ. Kí a fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ ọkọ̀, kí a gbẹ́ ẹ, kí a la ojú ihò tí omi ti lè ṣàn jáde, kí a fi pákó gbé e kúrò lórí ilẹ̀, kí a sì kọ́ àtíbàbà lé e lórí. Àtíbàbà páànù kan ń ṣe irin lóore ju gálọ́ọ̀nù ọ̀dà mẹ́wàá lọ.

Nígbà náà ni ó tó kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti sùn fún ogójì ọdún, a kì í fi agbára jí i. A ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì, a ó rọ ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú ihò wọn, a ó dúró fún ọjọ́ mélòó kan, a ó sì fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. A ó fọ táǹkì epo àti kàbúrétọ̀. Kí oníwáyà má sì gbàgbé pé fóólù 6 ni jíìpù ogun náà ń lò. Bí ó bá so bátìrì fóólù 12 mọ́ ọn bí ó ti ń ṣe fún ọkọ̀ mìíràn, gílóòbù gbogbo yóò jó. Èyíkéyìí pààtì tí a bá yọ, kí a so orúkọ mọ́ ọn, kí a fi pamọ́. Èyí tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ, kí a fi àmì sí i, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà pe iṣẹ́ àná ní iṣẹ́ 1942.

Ti ọkọ̀ igi yàtọ̀ pátápátá. Irin ń fẹ́ gbígbẹ, ṣùgbọ́n igi tí ó ti pẹ́ lábẹ́ omi ń bẹ̀rù gbígbẹ òjijì. Ní 1987, ẹni tí ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Yobe, kan ọkọ̀ igi kan nínú ilẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti lo ohun tí ó lé ní 8,000 ọdún. Gígùn rẹ̀ ju mítà 8 lọ. Ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ni ó dáàbò bò ó. Bí a bá gbé irú rẹ̀ sínú oòrùn lójijì, yóò là, yóò sì wó. Nítorí náà, bí apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ bá fi àwọ̀n fa ègé ọkọ̀ àtijọ́ kan sókè láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí ó lè fún un ni pé kí ó fi í sínú omi, kí ó sì ké sí àwọn tí ó mọ̀.

Àwọn kan yóò tako gbogbo èyí. Wọn yóò ní ogun kì í ṣe ohun ìṣeré. Pé nínú orílẹ̀-èdè tí àpá ogun abẹ́lé ṣì wà lára ẹbí púpọ̀, kò yẹ kí a máa fi ohun tí ó pa ènìyàn ṣe ìgbafẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀wọ̀ nínú, kò sì yẹ kí a gbá a dànù. Bí ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe bá ń wọ aṣọ ológun kiri, tí ó ń fi ìbọn ṣe fọ́rífọ́rí, òótọ́ ni wọ́n sọ. Òfin ìbọn Nàìjíríà pàápàá kò fún ẹnìkan láyè láti ní ìbọn ogun tàbí bọ́ǹbù nílé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó dúró pẹ̀lú ihò ọta lára kì í yin ogun. Ẹni tí ó bá dúró níwájú Mercedes-Benz dúdú ní Oníkan kò ní fẹ́ jagun nígbà tí ó bá jáde. Ohun tí ń mú ogun dùn lẹ́nu ni ìtàn tí kò ní ẹlẹ́rìí.

Ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ gan-an kì í ṣe ti àṣejù ìfẹ́ ọkọ̀ ogun. Ti ojúkòkòrò irin ni. Ní ìhà Ọdogunyàn ní Ìkòròdú, bárékè ọmọ-ogun àti ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ àlòkù irin jọ wà ní agbègbè kan náà. Àwọn oníkọ́ńdẹ́mù a máa ti kẹ̀kẹ́ wọn kiri àdúgbò, wọn a ra irin ní kílò kílò. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn wọn. Òṣùwọ̀n kò mọ ìtàn: ọ̀kan náà ni kílò férémù jíìpù àti kílò ìkòkò tí ó ti lu. Ohun tí iná bá ti yọ́ di ọ̀pá irin ìkọ́lé, àgbà mẹkáníìkì kankan kò lè tún un ṣe mọ́.

Òfin 1979 tí ó dá Ìgbìmọ̀ Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún Nàìjíríà gbé ìtọ́jú ohun àjogúnbá lé ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan kò lè wà ní gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìkòròdú ní àwọn mẹkáníìkì, àwọn ajórin àti àwọn panẹbítà tí ó lè mú òkú ọkọ̀ dìde láìsí ìwé ìtọ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀pẹ́ ní àwọn tí ó ṣì mọ bí a ti ń gbẹ́ ọkọ̀, tí a sì ń fi iná ṣí inú rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń náwó kọ́ ní ọjọ́ Sátidé, iṣẹ́ òòjọ́ ni níhìn-ín. Ohun tí ó kù ni kí a fi ojú ìtàn wo iṣẹ́ ọwọ́ náà: kí olùkọ́ ilé-ìwé kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ bàbá tí ó wa ọkọ̀ ológun ní 1968, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè sọ ọ́, kí agbẹ́kọ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ìmọ̀ àwọn àgbà, gbẹ́ irú ọkọ̀ ogun ti 1851, kí ó sì gúnlẹ̀ ní ọjọ́ Káyókáyó, kí ẹni tí ó bá ní irin àtijọ́ lẹ́yìnkùlé béèrè ìdí rẹ̀ kí ó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn ọkọ̀ Kòsọ́kọ́ ti lọ. Ìwọ̀n gígùn wọn kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìró àjẹ̀ wọn. Èyí tí a fi irin ṣe ṣì kù díẹ̀, ó dúró sábẹ́ igi níbi kan, òjò ń pa á, ó ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ẹni tí ó mú ìwé àti bírò lọ́wọ́ ni, tàbí ẹni tí ó ti kẹ̀kẹ́ àti òṣùwọ̀n wá.